Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe Àgbéyẹ̀wò Apá Kan Nínú Eré Abàmì Orí Tẹlifíṣọ̀n

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ṣáá: "Ẹ̀gbọ́n, mo wo eré náà tán, mo fẹ́ kọ nǹkan nípa rẹ̀, àmọ́ bí mo bá ti mú bíírò, ìtàn inú rẹ̀ ni mo máa ń rò látòkè délẹ̀. Kí ni kí n ṣe?" Mo ti dáhùn lórí WhatsApp, mo ti fi ohùn ránṣẹ́, mo ti ṣàlàyé fún ẹnìkan nínú danfó rí. Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ gbà á níbí lẹ́ẹ̀kan náà.

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni mo máa lò jù. Òun ni "Hush", apá kẹwàá nínú sáà kẹrin Buffy the Vampire Slayer, eré Amẹ́ríkà tí Joss Whedon dá sílẹ̀ nípa Buffy, ọmọbìnrin tó ń bá fámpáyà (abàmì tó ń mu ẹ̀jẹ̀) jà. Whedon fúnra rẹ̀ ló kọ apá yìí, òun náà ló darí rẹ̀, wọ́n sì gbé e sáfẹ́fẹ́ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 1999. Ó gùn tó ìṣẹ́jú 44, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ìṣẹ́jú 27 nínú rẹ̀ ló fi kọjá láìsí ẹni tó sọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu. Àwọn abàmì kan tí wọ́n ń pè ní The Gentlemen wọ ìlú Sunnydale, wọ́n ṣí àpótí kan lóru, ohùn gbogbo ará ìlú bá wọ inú rẹ̀. Ọkàn èèyàn méje ni wọ́n fẹ́ gé láyà àwọn alààyè, ẹni tí wọ́n bá sì ká mọ́ kò ní ohùn tí yóò fi ké.

Tí ẹ kò bá tíì wò ó, ẹ lọ wò ó kí ẹ tó padà wá. Mo máa tú àṣírí ìparí rẹ̀ nísàlẹ̀.

## Kí ẹ tó tan eré

- Ẹ kọ nọ́ńbà sáà àti nọ́ńbà apá sílẹ̀. Buffy ní apá 144 láti 1997 sí 2003. Bí ẹ bá kọ "apá tí wọ́n ti gba ohùn wọn", ẹni tó mọ̀ ọ́n á mọ̀ ọ́n, àmọ́ ẹni tó fẹ́ wá a lọ kò ní rí i.
- Ẹ wo ìparí apá tó ṣáájú, bó ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré.
- Ẹ tan ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ eré, kí ẹ lè rí bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ.
- Ìwé àti bíírò ni kí ẹ fi kọ nǹkan. Fóònù kò dára fún iṣẹ́ yìí. Ẹ̀ẹ̀kan ni WhatsApp máa dún, ọkàn yín ti lọ.
- Bí iná kì í bá dúró lọ́dọ̀ yín, ẹ gba eré náà sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ṣáájú. Apá tí iná já sí méjì kì í bani lẹ́rù mọ́, ẹ óò wá máa bá olùdarí jà lórí ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀.

## Ìwò àkọ́kọ́: ẹ má kọ nǹkan kan

Ẹ jókòó bí òǹwòran. Bí eré bá parí, kí ẹ tó gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni sọ, ẹ kọ ìlà mẹ́ta péré:

1. Ibi tí ẹ̀rù ti bà yín.
2. Ibi tí ẹ ti rẹ́rìn-ín.
3. Ibi tó ti sú yín, tí ojú yín ti kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

Èyí kẹta ni àwọn èèyàn máa ń fò, òun ló sì wúlò jù. Nígbà tí mo wo "Hush" lákọ̀ọ́kọ́, ọmọ yunifásítì tó la ẹnu sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tí igbe kò jáde ló bà mí lẹ́rù. Giles, àgbà tó ń tọ́ Buffy sọ́nà, ló pa mí lẹ́rìn-ín, ìgbà tó fi àwòrán ṣàlàyé fún Buffy àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ohun tí wọ́n ń bá jà. Àríyànjiyàn Xander, ọ̀rẹ́ Buffy, àti Anya tí wọ́n jọ ń fẹ́ra níbẹ̀rẹ̀ ló sú mi: Anya ń bi í pé kí lòun já mọ́ fún un, Xander kò rí èsì gidi fọ̀. Mo ní kí ni gbogbo ẹjọ́ yìí, kí wọ́n jẹ́ ká rí abàmì.

Ìgbà tí mo tún un wò ni mo rí i pé ibi tó sú mi yẹn gan-an ni ìpìlẹ̀ ilé. Kí ohùn tó lọ, gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Buffy àti Riley, ọkùnrin tó wù ú, ń sọ rádaràda títí àyè ìfẹnukonu fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Willow, ọ̀rẹ́ Buffy, wá idán lọ sí ẹgbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ kéèkì tí wọ́n fẹ́ tà ló bá níbẹ̀. Ohùn wá lọ tán, Xander rò pé Spike, fámpáyà kan, ti mu ẹ̀jẹ̀ Anya, ó bo Spike mọ́lẹ̀, ó ń lù ú. Anya rí èsì ìbéèrè rẹ̀ láìgbọ́ ọ̀rọ̀ kankan.

Bí mo bá ti kọ àgbéyẹ̀wò lẹ́yìn ìwò kan, ǹ bá ti kọ ọ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ falẹ̀, ojú ì bá sì tì mí lónìí.

## Ìwò kejì: ẹ wá òfin abàmì náà

Eré abàmì kì í ṣe eré ibi tí ohunkóhun ti lè ṣẹlẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni. Abàmì tó dára ní òfin, ó ní èèwọ̀. Iṣẹ́ yín ni láti wá òfin náà rí, kí ẹ sì sọ bóyá ẹni tó kọ eré pa á mọ́. Lójú tèmi, àgbéyẹ̀wò tí kò ṣe èyí kò tíì ṣe nǹkan kan, bó ti wù kí gbólóhùn inú rẹ̀ dùn tó.

Ẹ fa ìlà sínú ìwé yín, kí ẹ máa dá eré dúró bí ẹ ṣe ń rí èsì:

1. Kí ni abàmì náà ń wá? Ọkàn méje.
2. Kí ni agbára rẹ̀, ibo ló sì mọ? Wọ́n ń léfòó, ẹsẹ̀ wọn kì í kan ilẹ̀. Idà kò ràn wọ́n.
3. Kí ni èèwọ̀ rẹ̀? Igbe alààyè. Bí èèyàn bá fi ohùn ara rẹ̀ ké, wọ́n kú nìyẹn.
4. Ìgbà wo ni àwa òǹwòran gbọ́ nípa èèwọ̀ náà? Giles sọ ọ́ láàárín eré, nígbà tó ń fi àwòrán ṣàlàyé àlọ́ tó rí wọn nínú rẹ̀. A ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ kí ìjà tó dé.
5. Kí ni ìṣẹ́gun náà gbà lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ́gun? Mo máa padà sí èyí.

Ẹ wo bí èsì kejì, ìkẹta àti ìkẹrin ṣe so mọ́ra. Kí nìdí tí wọ́n fi jí ohùn? Torí ohùn ló ń pa wọ́n. Abàmì tó kó ohun ìjà ọ̀tá pamọ́ kó tó wọlé, ọlọ́gbọ́n ni. Bí Buffy bá ṣàdédé ké níparí tí a kò gbọ́ nǹkan kan nípa igbe ṣáájú, ẹ̀tàn ni ì bá jẹ́. Ìbéèrè kẹrin yẹn ni mo fi ń mọ eré tó jẹ́ eré yàtọ̀ sí èyí tí ẹni tó kọ ọ́ kàn ń wá ọ̀nà àtilọ sílé.

Ìbéèrè karùn-ún máa ń ṣòroó dáhùn. Nínú "Hush", Riley fọ́ àpótí náà (lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ fọ́ nǹkan mìíràn), ohùn Buffy padà, ó ké, orí àwọn Gentlemen bẹ́. Ó dà bíi pé kò sí gbèsè kankan nílẹ̀. Àmọ́ ojú kan ojú ni Buffy àti Riley nínú ìjà náà, oníkálukú rí i pé ẹnì kejì ní àṣírí. Ní ọjọ́ kejì wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì méjì kí wọ́n lè sọ̀rọ̀. Ohùn wà, ẹnu wà, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ibẹ̀ ni eré parí. Gbèsè náà nìyẹn.

### Níbi tí òfin bá ti yí padà

Ẹ dúró níbẹ̀ pẹ́. Nígbà tí ohùn ti lọ, ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé: nílé wa, ẹnu ni ọfọ̀ ń bá jáde. Ẹni tí wọ́n bá gba ohùn rẹ̀, wọ́n ti gba oògùn rẹ̀ pẹ̀lú. Willow náà máa ń pe ọ̀rọ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Mo ní ó parí fún un nìyẹn. Ìgbà tí àwọn Gentlemen wá lé òun àti Tara, ọmọbìnrin kan láti inú ẹgbẹ́ tó lọ yẹn, wọnú yàrá kan, àwọn méjèèjì di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n wo ẹ̀rọ ńlá tó ń ta ohun mímu, ẹ̀rọ náà sì fò lọ dí ilẹ̀kùn. Wọn kò sọ nǹkan kan. Ohun tí Willow nìkan gbìyànjú tí kò ṣeé ṣe, ọwọ́ Tara ló mú un ṣeé ṣe. Ẹni tó bá kàn kọ ọ́ pé "wọ́n fi idán ti ẹ̀rọ" ti rí i, kò kàn wò ó ni. Ọjọ́ tí Tara kọ́kọ́ fara hàn nínú eré náà nìyí, ọwọ́ nìkan ló sì fi sọ irú ẹni tó máa jẹ́ fún Willow.

## Orúkọ tó máa ń kó wa sí wàhálà

Ẹ fara balẹ̀ níbí. Nínú gbogbo àṣìṣe tí mò ń rí nínú àgbéyẹ̀wò tí a fi Yorùbá kọ, èyí ló pọ̀ jù.

Àjẹ́. Bí ẹ bá kọ "Willow di àjẹ́" tí ẹ sì kọjá lọ, òǹkàwé yín á rò pé ó ń fò lóru, ó ń jẹ ọmọ ọlọ́mọ. Wicca ni ẹgbẹ́ tó lọ pe ara rẹ̀, ẹ̀sìn ìgbàlódé kan tó gbilẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún ogún, àwọn tó ń ṣe é kì í sì í fi pamọ́. Ẹ fojú inú wo ìpàdé àjẹ́ tiwa kí wọ́n máa ṣe ètò kéèkì títà. Ẹ má sì sá lọ sídìí "pidánpidán". Ẹni tó ń yọ ẹyẹlé nínú fìlà nìyẹn. "Ẹni tó ń kọ́ idán" ni èmi máa ń kọ.

Fámpáyà. Kì í ṣe àkúdàáyà. Àkúdàáyà kú níbí, ó lọ ń ṣòwò, ó ń fẹ́ ìyàwó ní ìlú mìíràn, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n fi máa dé, tí òun á sì pòórá. Ìbànújẹ́ ló wà nínú ìtàn tirẹ̀. Fámpáyà ń mu ẹ̀jẹ̀, oòrùn ń jó o, igi ṣóńṣó tí a bá gún mọ́ ọn láyà ló ń pa á. Ẹ̀rù wọn kò jọra. Ẹ kọ fámpáyà, ẹ fi gbólóhùn kan ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ẹ máa lọ.

The Gentlemen. Mo ti rí ẹni tó pè wọ́n ní egbére. Egbére kúrú, ó gbé ẹní dání, ó ń sunkún. Àwọn wọ̀nyí ga, wọ́n wọ kóòtù dúdú, orí wọn pá, ojú wọn funfun bí ẹfun, eyín wọn ń dán bí irin, ẹ̀rín kì í kúrò lójú wọn. Wọ́n máa ń tẹrí ba fún ara wọn tìwàtìwà kí wọ́n tó gé àyà èèyàn. Bí kò bá sí orúkọ tó bá a mu, ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ sì sọ bó ṣe rí.

## Ojú àti etí

Ẹ mú ìṣẹ́jú mẹ́ta tó le jù nínú apá náà. Ẹ pa ohùn rẹ̀, ẹ wò ó. Lẹ́yìn náà ẹ tan ohùn, kí ẹ dijú. Ẹ kọ ohun tó kù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tán.

Pẹ̀lú "Hush", ẹ óò rí i pé orin Christophe Beck ló gba iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe fún ìdajì wákàtí, àti pé ara Doug Jones, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe Gentlemen, ló ń bani lẹ́rù, kì í ṣe ìbòjú nìkan. Wọ́n dárúkọ apá yìí fún ẹ̀bùn Emmy (ti eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà) ní ọdún 2000, ní ti eré kíkọ. Eré tí èèyàn ti yadi nínú rẹ̀! Ẹ rántí èyí nígbà mìíràn tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ pé eré kan "ní ọ̀rọ̀ tó dára" tí ẹ rò pé ohun tó ti ẹnu òṣèré jáde nìkan ló ń jẹ́ kíkọ.

## Ó wá kan kíkọ

Ọ̀rọ̀ 600 sí 800 ti tó fún apá kan. Báyìí ni mo ṣe ń tò ó:

1. Ìdájọ́ yín ní gbólóhùn àkọ́kọ́ tàbí ìkejì. Ẹ má fi pamọ́ bí ẹni tó ń pa àlọ́.
2. Ìtàn náà ní ìlà márùn-ún, kó má kọjá ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.
3. Òfin abàmì, àti bí wọ́n ṣe pa á mọ́ tàbí rú u.
4. Ibi méjì péré nínú eré, kí ẹ wọnú wọn dáadáa. Ibi mẹ́fà tí a fọwọ́ bà kò tó ibi méjì tí a tú palẹ̀.
5. Òṣèré kan tàbí méjì, pẹ̀lú ohun tí wọ́n ṣe gan-an. "Ó gbìyànjú" kì í ṣe àgbéyẹ̀wò.
6. Ohun tí kò dára.
7. Ṣé ẹni tí kò wo apá tó ṣáájú lè wò ó?

Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ méjì. Èyí tí mo máa ń rí gbà nìyí:

*Apá yìí dùn gan-an ni. Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Buffy wà ní kíláàsì, lẹ́yìn náà ó lálàá, lẹ́yìn náà ó rí ọmọbìnrin kékeré kan tó gbé àpótí dání...*

Èyí tí mo máa kọ nìyí:

*Nínú "Hush", ìgbà tí gbogbo ìlú yadi ni wọ́n tó gbọ́ ara wọn yé. Apá tó bani lẹ́rù jù nínú sáà kẹrin ni, ibi tí kò sì sí abàmì kankan níbẹ̀ ló dùn mí jù: ọkùnrin kan, obìnrin kan, bẹ́ẹ̀dì méjì, àti ohùn tó ti padà tí wọn kò mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe.*

### Àṣírí ìparí

Mo ti fi ikú ẹnìkan ṣe àkọlé àgbéyẹ̀wò rí. Àbúrò mi obìnrin, tó ń tọ́jú apá náà de òpin ọ̀sẹ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè kọ gbogbo rẹ̀ láìfọwọ́ kan ìparí. Ẹ sì lè pín in sí méjì, kí ẹ kọ ìkìlọ̀ gàdàgbà sáàárín, kí òfin àti ìparí wà lábẹ́ ìkìlọ̀ náà. Fún eré tó ti pé ogún ọdún, mo máa ń tú u, n óò sì kìlọ̀ lókè bí mo ṣe kìlọ̀ fún yín. Fún èyí tó jáde lánàá, ẹ gba ọ̀nà àkọ́kọ́.

### Àwọn àṣìṣe mìíràn

- Kí ẹ máa bínú pé "èyí kò lè ṣẹlẹ̀". Eré abàmì ni. Ẹ bi í bóyá ó lè ṣẹlẹ̀ *lábẹ́ òfin tirẹ̀*.
- Kí ẹ máa ka àìsọ ìpilẹ̀ṣẹ̀ sí àléébù. "Hush" kò sọ ibi tí àwọn Gentlemen ti wá. Àlọ́ wo ló ti sọ ibi tí Ìjàpá ti wá rí?
- Kí ẹ da orúkọ òṣèré pọ̀ mọ́ orúkọ ẹ̀dá inú eré. Sarah Michelle Gellar, òṣèré tó ṣe Buffy, kọ́ ló ń pa fámpáyà.
- Kí ẹ ka àgbéyẹ̀wò ẹlòmíràn kí ẹ tó kọ tiyín. Ẹ kà á lẹ́yìn rẹ̀.
- Kí ẹ fún un ní 9 nínú 10 torí ẹ fẹ́ràn gbogbo eré náà. Apá yìí nìkan ni ẹ ń dá lẹ́jọ́.

## Bí ó bá jẹ́ eré tiwa

Ọ̀nà kan náà ni, àmọ́ òǹkàwé yín mọ òfin náà ju ti Sunnydale lọ, wọ́n á sì mú yín. Ẹ wo Aníkúlápó ti Kunle Afolayan, fíìmù tó jáde lórí Netflix ní 2022, tí eré àtìgbàdégbà sì tẹ̀ lé e ní 2024. Orúkọ rẹ̀ nìkan ti sọ òfin rẹ̀: ẹni tó ní ikú lápò. Sàró, ahunṣọ, kú, ẹyẹ àkàlà jí i, àdó tó ń jí òkú sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìbéèrè karùn-ún ni kí ẹ gbé dání wọnú irú eré yìí: ẹni tó ń jí òkú, ta ni yóò san gbèsè rẹ̀ fún Ikú?

Ẹ fi ohun méjì kún un. Ẹ tẹ́tí sí ọfọ̀: ṣé ọfọ̀ ni, tó ní orúkọ, ìdí àti àṣẹ nínú, àbí ariwo lásán ni wọ́n fi ń dẹ́rù bani? Ẹ sì wo bí wọ́n ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ láàfin. Ìjòyè tó bá pe ọba ní "o" yóò ba gbogbo idán inú eré jẹ́ ju àwòrán kọ̀ǹpútà tí kò dára lọ. Àmọ́ kí ẹ má sọ ọ́ di ìwàásù. Ẹ kì í ṣe pásítọ̀ tàbí àlùfáà níbí, àti pé ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni láti wo babaláwo nínú eré kò wá síbí torí àgbéyẹ̀wò.

## Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde

- Nọ́ńbà sáà, nọ́ńbà apá, ọjọ́ tó jáde: ṣé wọ́n pé?
- Orúkọ kọ̀ọ̀kan: ṣé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nísàlẹ̀ eré ni ẹ kọ ọ́?
- Ibi tí ẹ ti sọ pé nǹkan ṣẹlẹ̀: ṣé ẹ ti padà wò ó? Mo ti kọ pé ẹnìkan kú rí, ó kàn dákú ni.
- Ṣé ìkìlọ̀ wà lókè, bí ẹ bá tú àṣírí?

Lẹ́yìn náà, ẹ ka àgbéyẹ̀wò náà sókè sí ẹnìkan tí kò wo eré náà rí. Ẹ bi í léèrè kan péré: kí ni èèwọ̀ abàmì náà? Tí ìparí bá wà lára ohun tí ẹ kò fẹ́ tú, ẹ bi í ní ohun tí abàmì náà ń wá. Bí ó bá dáhùn, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ àfẹ́sọ́nà Buffy ló ń sọ fún yín, ẹ padà sí nọ́ńbà 2 nínú bí mo ṣe ń tò ó, ìyẹn ìtàn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gé.